Abọ́ Mílíìkì Méjì Nínú Fírísà Ìyá Sàkírá

Ẹ̀yin ará mi, mo mọ̀ pé ẹ kò ní gba ohun tí mo fẹ́ sọ yìí gbọ́. Èmi gan-an, ká ní ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún mi, màá ní kí ó lọ fi omi tútù bọ́jú kí ó tó tún padà wá. Ṣùgbọ́n ó ṣojú mi kòró. Tísà físíìsì sì ni mí, n kì í sọ ohun tí n kò bá ní ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ fa àga súnmọ́ mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Kérésì tó kọjá ni mo fẹ́ rò fún yín, bó ṣe rí gan-an, láìfi iyọ̀ sí i. Ṣúgà nìkan ni mo fi sí i, ẹ ó sì gbọ́ ohun tí ṣúgà náà fà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ mi tipẹ́ mọ̀ pé Èrúwà ni mò ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́rin tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbé. Èmi ni ẹnì kan náà. Ìyá Tóyìn, ìyàwó mi, ti jáde láyé láti ọdún méjì sẹ́yìn. Tóyìn, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, wà ní Kánádà, níbi tí ó ní ìta gbangba gan-an ti di fírísà fún wọn. Èmi wà níbí pẹ̀lú ọyẹ́. Ọyẹ́ ọdún náà kò ṣeé bá ṣeré. Ó la ètè mi, ó la gìgísẹ̀ mi, ó tún ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí àlejò tó mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò lé òun.

Ṣé ẹ mọ bí ilé ṣe ń dákẹ́? Kì í ṣe pé ariwo kò sí níbẹ̀. Mo máa ń tan rédíò láàárọ̀, mo sì máa ń bá a jiyàn. Ilé dákẹ́ nígbà tí ènìyàn bá sín tí kò sí ẹni tí yóò sọ pé "pẹ̀lẹ́." Lọ́jọ́ kan, mo sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra wọn. Ìgbà tí mo sín tán, mo dúró díẹ̀. Mò ń retí. Ta ni mò ń retí? Ẹ má bi mí.

Nígbà tí Kérésì ku ọjọ́ mẹ́ta, Tóyìn pè mí lórí fídíò. Ó bi mí pé kí ni màá jẹ lọ́jọ́ ọdún. Mo ní búrẹ́dì. Ó ní búrẹ́dì àti kí ni? Mo ní búrẹ́dì àti ọ̀bẹ. Kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí kò bá rẹ́rìn-ín sí àwàdà bàbá rẹ̀, ẹkún ló ń gbé mì yẹn. Ó wá ní kí a ṣe nǹkan kan: kí òun se oúnjẹ kan lọ́hùn-ún, kí èmi náà se é níbí, kí a sì jọ jẹ ẹ́ lórí fídíò láàárọ̀ ọjọ́ Kérésì bí ẹni pé ìdí tábìlì kan náà la jókòó sí. Ó ní òun á jí ní ìdájí tiwọn kí ó lè bọ́ sí àárọ̀ tiwa.

Oúnjẹ wo? Ó ní nǹkan dídì kan ni, mílíìkì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n máa ń ṣe é sílẹ̀ lọ́hùn-ún kí ọdún tó dé. Kọ́sítáàdì tó ki, mílíìkì tí a lù títí tó fi ru, àti bisikíìtì. A ó tò wọ́n lé ara wọn lórí bí ẹni ń mọ ògiri, a ó gbé e sínú fírísà di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Ó ní bó bá ṣe ń pẹ́ sí i nínú òtútù ló ṣe ń dùn sí i.

Mo ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí èmi náà ti máa dùn gan-an báyìí. Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba ọjà lọ. Mo ra kọ́sítáàdì, mílíìkì alágolo, bisikíìtì kábíìn, àgbọn kan àti ẹ̀pà yíyan. Ìyá tó ta mílíìkì fún mi wo inú àpò mi, ó wo ojú mi, ó bi mí bóyá ìyàwó tuntun ti dé. Mo ní rárá o, ọkọ àtijọ́ ló fẹ́ dáná.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí ooru ṣe ń kúrò lára ohun kan lọ sára òmíràn. Kọ́sítáàdì kò ka ìwé tí mo kà! Èyí tí mo kọ́kọ́ rò di kókó, ó le, ó ń yí gbirigbiri nínú ìkòkò. Adìẹ ilé kejì ló jàǹfààní rẹ̀. Àwọn náà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo fi omi tútù pò ó kí n tó da omi gbígbóná sí i, mo sì ń ro ó láìgbé ọwọ́ kúrò. Ó dán, ó yọ̀, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Mo wò ó, mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Bí mi ò bá pàtẹ́wọ́, ta ni yóò pa á?

Ó wá kan mílíìkì lílù. Tóyìn ní kí n fi ẹ̀rọ lù ú. Ẹ̀rọ wo? Mo ra yìnyín, mo gbé abọ́ mílíìkì lé e lórí, mo sì wo ara ògiri ìdáná. Ìjábẹ̀ Ìyá Tóyìn ṣì wà lórí ìṣó tí ó fi kọ́ sí, èyí tó máa ń fi ja ọbẹ̀ ilá. Láti ọdún méjì, n kò fọwọ́ kàn án. Mo mú un sọ̀ kalẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo sì fi lu mílíìkì náà títí apá fi ń ro mí. Nígbà tó yá, ó ru, ó funfun, ó dúró gẹ́gẹ́ bí òwú. Inú mi dùn débi pé mo pe orúkọ rẹ̀. "Ìyá Tóyìn, wá wò ó." Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rántí.

Mo wá gbé abọ́ sílẹ̀ láti to gbogbo rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún ara mi fi hàn, nítorí Bàbá Tóyìn nìkan ni ọ̀pọ̀ yín mọ̀ mí sí. Igbó-Ọrà ni wọ́n bí mi sí, Kẹ́hìndé sì ni orúkọ mi. Ẹ ti mọ ìyókù. Ní ìlú wa, bí o bá ju òkúta sí àárín ọjà, Táyé ni yóò bà. Bó bá ta padà, Kẹ́hìndé ni. Èmi àti Táyé tèmi jọra débi pé orúkọ méjèèjì ni bàbá wa máa ń pè pọ̀ kí ó má bàa ṣìnà. Ọmọ Igbó-Ọrà tó gbọ́n kì í jẹ́ iṣẹ́ fún ìbejì láìkọ́kọ́ bi í pé, "Èwo nìyí?" Ìbejì kì í sì í bínú sí i. Bí ìkíni ló rí lọ́dọ̀ wa.

Ìyá wa ra abọ́ tánganran méjì fún wa nígbà tó já wa lẹ́nu ọmú, funfun ni méjèèjì, òdòdó pupa wà nínú wọn. Ohun tó bá bù sí ọ̀kan ló ń bù sí èkejì. Ó lè jókòó ka ẹ̀wà kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀. Tèmi kò lábùkù. Ti Táyé họ létí, torí ó fi lù mí lórí nígbà tí a wà ní ọmọ ọdún méje. Orí mi kò ṣe nǹkan kan, abọ́ ló họ. Òfin kejì ni pé Táyé ló ń kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ wò. Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo rán an ṣáájú wá sí ayé kí ó wá wò ó fún mi bóyá ó dáa. Nítorí náà, òun ni yóò kọ́kọ́ fẹnu kan ohunkóhun, yóò ní, "Ó dáa," èmi yóò wá bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo gbéyàwó, abọ́ méjèèjì bá mi wá sí Èrúwà. Táyé ní oko lòun ń jẹun, kí lòun fẹ́ fi tánganran ṣe. Àmọ́ ọwọ́ mi kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń bu oúnjẹ sí abọ́ kan. Méjì ni mò ń bù. Ìyá Tóyìn sì ń jẹ èkejì.

Ẹ ti rí ohun tí mo ṣe báyìí. Mo to bisikíìtì, mo da kọ́sítáàdì lé e, mo da mílíìkì lé e, mo tún to bisikíìtì, mo wọ́n àgbọn àti ẹ̀pà sókè. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, abọ́ méjèèjì ti kún, wọ́n dọ́gba, bí ẹni pé Ìyá ló dúró tì mí. Mo dúró síbẹ̀, ṣíbí lọ́wọ́ mi. Ta ló fẹ́ jẹ èkejì?

Mo ti ń yẹ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láti òkè wá, ṣùgbọ́n kò ní yé yín bí n kò bá sọ ọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí èmi àti Táyé kò ti bá ara wa sọ̀rọ̀. Ilé mùsùlùmí ni wọ́n bí wa sí, èmi ni mo bá ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn kò dá nǹkan kan sílẹ̀. Bí Iléyá bá dé, ẹran á wá láti Igbó-Ọrà. Bí Kérésì bá dé, ìrẹsì á lọ láti Èrúwà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìyá wa ṣàìsàn. Ọ̀dọ̀ Táyé ló wà. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn. Táyé ní Ìyá ní òun kò lọ, yàrá òun lòun fẹ́ wà. Èmi ń pariwo lórí fóònù láti Èrúwà. Òun ló ń gbé e dìde, òun ló ń fi omi sí i lẹ́nu. Ìyá kú. Lọ́jọ́ kẹjọ, lójú gbogbo mọ̀lẹ́bí, èmi tísà, èmi ọ̀mọ̀wé, mo dìde, mo ní ká ní Táyé gbọ́ tèmi ni, ìyá wa ì bá wà láàyè.

Ó wò mí, ó wọ bàtà rẹ̀, ó jáde. Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí à ń sin Ìyá Tóyìn, ó wá. Ó dúró sẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà rẹ̀. Mo rí i. Ta ni kò ní rí ojú ara rẹ̀ láàárín èrò? Mo ní bí mo bá kí àlejò tán, màá lọ bá a. Nígbà tí mo fi máa kí wọn tán, ó ti lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n tẹ̀ lé e. Nígbà tó pẹ́, ìtìjú náà yá aṣọ ìbínú wọ̀, mo sì ń sọ fún ara mi pé òun ló yẹ kó kọ́kọ́ wá.

Fíríìjì tèmi ti bàjẹ́ tipẹ́, ìwé ni mò ń kó sínú rẹ̀. Mo wá fi ọ̀rá mẹ́ta wé abọ́ kọ̀ọ̀kan, mo gbé wọn lọ sí ọ̀dọ̀ Ìyá Sàkírá ní ilé kẹta sí tèmi. Òun ló ń ta yìnyín, mínírà àti ẹja tútù, ó sì ní sólà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kò tíì ju ọdún kan lọ tí òun àti ọkọ rẹ̀ kó dé àdúgbò wa. Tísà ló ń pè mí, kò mọ orúkọ mi mìíràn.

Ó gba àwọn abọ́ náà, ó ní, "Tísà, ẹ̀yin nìkan, abọ́ méjì?"

Mo lè ní ọ̀jẹun ni mí. Mo lè ní kò kan ọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ: mo ní ti àbúrò mi ni èkejì, ó ń bọ̀ láti Igbó-Ọrà wá bá mi ṣọdún. Irọ́ funfun báláú, bí mílíìkì tó wà nínú abọ́!

Inú obìnrin náà dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní alihamudulilahi. Ó ní òun ti ń sọ fún Bàbá Sàkírá pé inú ìwé ni Tísà yìí máa kú sí. Ó ní kí ló dé tí n kò sọ ọ́ rí pé mo ní àbúrò. Ẹ kíyè sí i, àbúrò ni mo pè é. N kò sọ pé ìbejì ni wá. Kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ó kó ẹja rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé abọ́ mi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kejì bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ kejì, tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ Kérésì, irọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí dùn mọ́ èmi gan-an. Mo gbálẹ̀. Mo nu eruku ọyẹ́ kúrò lára àga méjì, kì í ṣe ọ̀kan. Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yàrá tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí. Lọ́sàn-án, mo mú fóònù, mo wá nọ́ńbà rẹ̀. "Ìkejì mi" ni mo ṣì fi pamọ́ sí. Mo gbé àtàǹpàkò lé e títí iná ojú fóònù fi kú. Mo tún tan án, ó tún kú. Kí ni màá sọ? Ẹ kú ọdún? Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta? Mo gbé e sílẹ̀, mo tan rédíò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí bá ọkùnrin inú rẹ̀ jiyàn lórí iye ìgbà tó yẹ kí a bomi rin tòmátì. N kò gbin tòmátì rí láyé mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ wò ó bóyá mílíìkì mi ti dì. Ìyá Sàkírá ṣí fírísà. Abọ́ kan ló wà níbẹ̀.

Mo bi í pé èkejì dà.

Ó wò mí bí ẹni pé mo ti mu nǹkan kan. "Tísà, ṣebí ẹ̀yin lẹ gbé e."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kò ju wákàtí méjì lọ tẹ́ ẹ gun ọ̀kadà wá síbí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun alásárì tán ni. Mo gbé méjèèjì síwájú yín, ẹ yí ọ̀rá wọn kúrò, ẹ wò wọ́n títí. Ẹ wá fọwọ́ pa èyí tó họ létí, ẹ ní èyí nìkan lẹ fẹ́. Omi ń bọ́ lójú yín. Mo ní ọyẹ́ ni."

Mo yọ ọ̀rá èyí tó kù. Etí rẹ̀ pé, kò sí ibi tó họ.

Mo jókòó lórí kíréètì mínírà. Obìnrin náà kò tíì parí ẹjọ́. Ó ní n kò tiẹ̀ ṣe dáadáa sí òun láàárọ̀. Ó ní òun lọ ra gààrí ní ọjà Igbó-Ọrà, òun rí mi níbi tí mo ti ń di àpò ẹ̀gúsí mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, òun yà kí mi. Ó ní òun sọ fún mi pé oúnjẹ mílíìkì mi ti dì dáadáa nínú fírísà òun, pé kí n sọ fún àbúrò mi tí mo ṣe èkejì dè pé tí kò bá tètè dé, òun Ìyá Sàkírá máa bá a jẹ tirẹ̀. Ó ní mo wá béèrè pé àbúrò wo. Òun sì ní, àbúrò yín tí ẹ ní ó ń bọ̀ wá bá yín ṣọdún, ṣé ẹ ní ọ̀pọ̀ ni?

Ẹ̀yin ará Ìbàràpá tí ẹ ń ka èyí, mo mọ̀ pé ẹ ti fọwọ́ mú orí. Ọmọ ìlú wa kan kò lè ṣe irú rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ní Igbó-Ọrà á kọ́kọ́ béèrè pé, "Èwo nìyí?" Ṣùgbọ́n ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kò mọ̀. Ó gbé irọ́ mi, ó lọ jẹ́ ẹ bí iṣẹ́ fún ẹni tó ni ín.

Mo ṣàlàyé fún un. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń bẹ̀ mí. Mo ní kò ṣẹ̀ mí. Mo ní kí ó jẹ́ kí abọ́ tó kù wà níbẹ̀ di àárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, inú mi kò dùn bí mo ṣe ń lọ sílé. Ọkùnrin náà gbọ́ pé mo bu tirẹ̀ sílẹ̀. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gun ọ̀kadà láti Igbó-Ọrà wá sí Èrúwà. Ó dé ilé kẹta sí tèmi. Ó gba abọ́ rẹ̀. Ó sì padà. Kò kan ilẹ̀kùn mi! Ó gba oúnjẹ, ó kọ èmi. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, ìtumọ̀ kan náà ló ń fún mi. Òru tó tẹ̀ lé e kò ní ìtàn, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣílẹ̀kùn.

Ọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú ilé mi. Eruku ojú ọ̀nà wà nírun rẹ̀. Ó gbé abọ́ tánganran kan lé orúnkún, ó fi tówẹ́ẹ̀lì wé e. Ojú mi ni, àmọ́ ojú mi tó ti ṣiṣẹ́ oko fún ogójì ọdún. Ewú rẹ̀ pàápàá, ibi tí tèmi gbà wọlé náà ló gbà.

Gbogbo ohun tí mo ti ń tò sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta láti sọ, n kò rí ọ̀kan mú nínú rẹ̀. Ohun tó bọ́ lẹ́nu mi ni ohun tí gbogbo ìlú máa ń bi wá.

"Èwo nìyí?"

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Èyí tí o rán ṣáájú." Ó gbọn eruku kúrò nírun rẹ̀. "Ṣúgà rẹ̀ pọ̀ jù."

Mo jókòó tì í. Ó sọ fún mi pé òun dé ẹnu ọ̀nà mi lánàá. Òun ti gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn. Ó ní òun gbọ́ tí mò ń bá rédíò jà nítorí tòmátì, ẹ̀rín pa òun, nígbà tó yá kì í ṣe ẹ̀rín mọ́, òun kò sì fẹ́ kí n rí òun bẹ́ẹ̀. Ó fi tówẹ́ẹ̀lì so abọ́ náà mọ́ àyà, ó gun ọ̀kadà padà sílé. Ó ní ìdajì rẹ̀ ti yọ́ sí òun láṣọ kí òun tó dé. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá Ìyá, ó tọ́ ọ wò, ó sì jẹ ẹ́ tán. Ó wá ní ó yẹ kí òun wá jẹ́ iṣẹ́ fún mi pé ó dáa, nítorí iṣẹ́ òun nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

A kì í dá abọ́ padà lófìfo. Ó tú tówẹ́ẹ̀lì náà. Ẹ̀wà ni, pẹ̀lú epo pupa, bí Ìyá ṣe máa ń sè é fún wa. Ó ṣì ń gbóná.

Mo ní, "Táyé, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ kẹjọ. Ìwọ lo tọ́jú Ìyá. Ariwo lèmi ń pa. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà gan-an tí mò ń sọ ọ́."

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Kò ní kò tọ́pẹ́. Kò ní ó ti tán. Ó ń wo ẹ̀wà náà. Ó wá ní, "Ọjọ́ tó kẹ́yìn, ògì ni mo rò fún un. Ó mu ṣíbí méjì. Ó ní, 'Bu ti Kẹ́hìndé sílẹ̀.'"

Ẹ̀yin ará mi, n kò lè kọ ohun tó tẹ̀ lé ìyẹn.

Nígbà tó yá, a jọ lọ gba abọ́ mi. Ìyá Sàkírá rí wa, ẹja bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní èwo ni Tísà. Àwa méjèèjì ní, "Èmi ni." Ó ní òun kò ní ta nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni nínú wa mọ́ láé. A pín oúnjẹ méjèèjì, ẹ̀wà àti mílíìkì, sí méjì, kò pọ̀ sí apá kan, Táyé sì tọ́ ọ wò kí n tó fẹnu kàn án. Nígbà tí Tóyìn pè, abọ́ tirẹ̀ wà níwájú rẹ̀ lọ́hùn-ún, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Dádì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ti sọ yín di méjì." Lẹ́yìn náà, ó rí i pé ọ̀kan ń jẹun, èkejì ń sọ̀rọ̀. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

Lọ́sàn-án, Táyé padà sílé. Ilé tún dákẹ́. N kò ní parọ́ fún yín pé ìdánìkanwà mi tán lọ́jọ́ náà. Ó ṣì wà. Àmọ́ ó ti mọ̀ báyìí pé òun nìkan kọ́ ló ní ilé.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Ohun tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà ni: ooru máa ń kúrò lára èyí tó gbóná lọ sára èyí tó tutù, bí a bá ṣáà ti gbé wọn súnmọ́ra. Bí a kò bá gbé wọn súnmọ́ra, kò sí ohun tí ìwé lè ṣe sí i. Ẹ má dúró de ará Ògbómọ̀ṣọ́ kí ó tó bá yín jẹ́ iṣẹ́ yín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹ ṣì ń bu tirẹ̀ sílẹ̀, tí kò mọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí n rí i kà, mo ní àkókò, ẹ mọ̀ pé tòmátì nìkan ni mo ní láti jiyàn lé lórí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ọ́ sí mi, ẹ kọ́kọ́ pè é.

Ẹ̀ẹ́, ohun kan kù nípa àárọ̀ ọjọ́ náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Bí a ṣe ń jẹun lọ́wọ́, ọyẹ́ wọ imú mi. Mo sín.

Táyé kò gbójú kúrò nínú abọ́ rẹ̀. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́."